Àṣẹ Tó Ń Gba Ọ̀nà Jíjìn: Àgbéyẹ̀wò Ètò Àjùmọ̀ṣe Láàárín Ẹ̀ka Iṣẹ́ ní Bassila àti Manigri

Àmì kékeré kan wà lórí lẹ́tà ìjọba ní ilẹ̀ Benin tí ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì níbẹ̀ rí kò ní gbàgbé: S/C. Àwọn Faransé ló fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé lẹ́tà náà kò gbọdọ̀ dé ọwọ́ ẹni tí a kọ ọ́ sí láìjẹ́ pé ọ̀gá ẹni tó kọ ọ́ ti rí i. Bí ọ̀gá méjì bá wà láàárín, àwọn méjèèjì ni yóò fọwọ́ sí i. Ìdáhùn á sì gba ọ̀nà kan náà padà. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀ka méjì fi lè wà nínú ìlú kan náà, kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn jọ máa jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ olóúnjẹ kan, síbẹ̀ kí ìwé tí èkíní ń retí lọ́wọ́ èkejì ṣì wà lójú ọ̀nà Djougou.

Ẹni tó bá ti dúró de irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí yóò mọ ìdí tí ariwo fi ń ta kárí ayé pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ jáwọ́ nínú ètò ọ̀gá-lórí-ọ̀gá, kí àwọn ẹ̀ka máa bá ara wọn ṣiṣẹ́ tààrà, kí wọ́n jọ dá àdéhùn, kí wọ́n sì jọ ru ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ariwo náà dùn-ún gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni ibi tó ti ṣẹ, ohun tó mú un ṣẹ, ibi tó ti fọ́, àti ohun tí àwọn ará Bassila àti Manigri lè rí mú níbẹ̀. Èrò tèmi ni pé ètò àjùmọ̀ṣe kì í pa àṣẹ rẹ́ rárá. Ṣe ló ń gbé e kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jókòó lókè, tó ń fi í sínú àdéhùn. Níbi tí kò bá sì ti sí àdéhùn, àwọn ẹ̀ka kàn wà láìlólórí ni.

Ètò ọ̀gá-lórí-ọ̀gá kò ti ọ̀run wá. Ní Amẹ́ríkà, Daniel McCallum tó ń bójú tó iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Erie mú kí wọ́n ya àwòrán irú ètò bẹ́ẹ̀ sórí ìwé ní 1855. Ojú irin náà ti gùn débi pé kò sí ẹnì kan tó lè dá mọ ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wà, ìròyìn sì gbọ́dọ̀ máa dé kíákíá kí ọkọ̀ méjì má baà forí gbárí. Iṣẹ́ gidi ni ètò náà ṣe. Ní Faransé, Henri Fayol, tó darí ilé-iṣẹ́ ìwakùsà fún ọgbọ̀n ọdún, sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1916: òṣìṣẹ́ kan, ọ̀gá kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni pé Fayol fúnra rẹ̀ rí àbùkù ibẹ̀. Ó ní bí òṣìṣẹ́ ẹ̀ka kan bá ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀ka mìíràn, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn méjèèjì sọ ọ́ láàárín ara wọn, bí àwọn ọ̀gá bá ti yọ̀ǹda tí wọ́n sì ń gbọ́ àbájáde. Ó pè é ní afárá. Àwọn tó jogún Fayol ní ilẹ̀ wa gba ti ọ̀gá kan yẹn mọ́ra, wọ́n fi afárá sílẹ̀ sínú ìwé.

Ní 1961 ni Tom Burns àti G. M. Stalker tẹ ìwé wọn lórí àwọn ilé-iṣẹ́ ní Scotland àti England jáde. Wọ́n rí i pé níbi tí iṣẹ́ ti ń rí bákan náà lójoojúmọ́, ètò ọ̀gá-lórí-ọ̀gá kò ní ìṣòro. Níbi tí ọjà àti ẹ̀rọ bá ti ń yí padà wéréwéré, ńṣe ló ń dá iṣẹ́ dúró. Àwọn tó ń polongo ètò tuntun kì í sábà sọ apá àkọ́kọ́ yẹn.

Irú iṣẹ́ wo ló wá wà ní Bassila? Ìlú náà wà lójú ọ̀nà tó ti Savalou gba Bantè lọ sí Djougou. Òun ni olú ìlú kọ́múùnù tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Donga, tí òfin 1999 yà kúrò lára Atacora. Ilẹ̀ kọ́múùnù yìí fẹ̀ ju kìlómítà níbùú lóròó 5,600 lọ, arọ́ndísímà mẹ́rin péré ló sì ní: Bassila, Manigri, Pénéssoulou àti Alédjo. Àwọn Anii ló ni Bassila. Kọ̀tọ̀kólí ni wọ́n ń sọ ní Alédjo. Manigri, tí ẹni tó bá ti gúúsù bọ̀ yóò kọ́kọ́ kàn, jẹ́ ìlú Nàgó, èdè wọn àti ti Kambolé ní ilẹ̀ Tógò jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọn Lokpa wà, àwọn Fúlàní wà. Ẹni tó bá fẹ́ kéde ohun kan ṣoṣo fún gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wá ògbufọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá níbẹ̀ tí a lè tọ́ka sí pé ẹ̀ka rẹ̀ mẹ́wàá wà lábẹ́ òrùlé kan. Àwọn ẹ̀ka tó wà níbẹ̀ fọ́n ká, ọ̀gá kálukú sì jìnnà. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ wà lábẹ́ àjọ àgbègbè kan tó so Gúúsù Borgou, Donga àti Collines pọ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó, tó ń wọṣọ bí ológun tí wọ́n sì ní oyè bíi ti ológun, ń gbọ́ ti ọ̀gá tiwọn. Àwọn olùkọ́ ní ọ̀gá tiwọn, àwọn elétò ìlera bákan náà. Aṣojú ìjọba àpapọ̀, ìyẹn pẹrẹfẹ́, wà ní Djougou. Mẹ́rì sì wà ní Bassila, òun ni gbogbo ìlú ń bínú sí, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òun ló gba púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà síṣẹ́.

Ẹ wá fojú inú wo àgbẹ̀ kan ní Manigri tí oko kajú rẹ̀ wọ inú ààlà igbó ọba. Ìjọba dá igbó sọ́tọ̀ ní Bassila àti ní Pénéssoulou láti ayé òyìnbó, èyí kì í sì í ṣe àròsọ fún àwọn tó ń gbé ẹ̀bá wọn. Ẹ̀ka àgbẹ̀ ń gba ọkùnrin yìí níyànjú pé kó fi kún oko rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ igbó ń lé e. Ẹ̀ka ilẹ̀ ní ọ́fíìsì mẹ́rì ní kó mú ìwé wá. Ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe ohun tí ọ̀gá wọn rán wọn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣe àìdáa. Ọkùnrin náà ló ń jìyà rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ọ̀rọ̀ yìí gòkè kó tó yanjú, a jẹ́ pé yóò dé Kútọnu kó tó kan ọ̀gá kan ṣoṣo tó wà lórí gbogbo wọn, nítorí ibẹ̀ ni okùn wọn ti pàdé.

Nínú kajú ni ìṣòro yìí ti hàn jù, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Láti nǹkan bí Oṣù Kejì ni èso ti ń já sílẹ̀, títí òjò yóò fi dé. Àgbẹ̀ á ṣa èso, á yí kóró kúrò lára rẹ̀, á sá a sóòrùn fún bí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, á dà á sínú àpò ìdọ̀họ. Bí ó bá jẹ́ àpò rọ́bà ló lò, kóró náà á làágùn, á sì bu. Bí oníbàárà bá dé, kì í fi ojú lásán rà á. Á bu bíi kìlò kan láti inú àwọn àpò, á máa la kóró kọ̀ọ̀kan sí méjì, á pín wọn: èyí tó dára, èyí tó ní àbààwọ́n, èyí tí kò gbó, èyí tó ti bàjẹ́ pátápátá. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣírò iye pọ́ùn ọmọ kajú tó ṣeé jẹ tí yóò jáde nínú àpò kìlò 80. Láàárín pọ́ùn 44 àti 48, iye owó kúrò ní ọ̀rọ̀ eré.

Ta ló mọ ìdí tí kóró fi bàjẹ́? Àgbẹ̀ mọ̀ bóyá òjò pa á. Ẹni tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ mọ̀ bóyá òrùlé ń jò. Awakọ̀ mọ iye òru tí ẹrù sùn sójú ọ̀nà. Ẹni tó ń la kóró nìkan ló rí àbájáde, àwọn yòókù ló mọ ohun tó fà á. Nínú ètò ọ̀gá-lórí-ọ̀gá, ẹni tó la kóró á kọ ìròyìn sí ọ̀gá tirẹ̀, ọ̀gá á fi ránṣẹ́ sókè, lókè ni wọ́n á ti wá ẹ̀ka sítọ́ọ̀ láti bá a wí. Kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè fi páànù tuntun dí ibi tó ń jò, kajú ọdún yẹn ti parí. Kajú kì í dúró de ìpàdé.

Ìjọba Benin tún ti mú ọ̀rọ̀ yìí le sí i. Láti 1 Oṣù Kẹrin 2024, wọ́n fòfin de kíkó kóró kajú tí a kò tíì fọ́ jáde kúrò nílùú, kí àwọn ilé-iṣẹ́ inú ilé, pàápàá àwọn tó wà ní ọgbà Glo-Djigbé nítòsí Kútọnu, lè rí i fọ́. Tẹ́lẹ̀, bí ẹrù bá ti dé èbúté, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́rùn oníṣòwò. Ilé-iṣẹ́ tó ń fọ́ kajú kò rí bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kóró tó dára ní Oṣù Kẹwàá gẹ́gẹ́ bó ṣe fẹ́ ẹ ní Oṣù Kẹta, ó sì fẹ́ mọ abúlé tó ti wá. Ẹ̀ka tó ń rà, tó ń tọ́jú, tó ń gbé, tó ń fọ́, tó ń sanwó, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ohùn ara wọn lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Òfin kò dí wọn lọ́wọ́. Àwọn orílẹ̀-èdè OHADA, àjọ tó ń mú òfin òwò bára mu ní Áfíríkà, tí Benin wà lára wọn, fọwọ́ sí òfin kan lórí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní Lomé ní 15 Oṣù Kejìlá 2010. Ènìyàn márùn-ún lè dá èyí tó rọrùn jù sílẹ̀. Èyí tó ní ìgbìmọ̀ alákòóso ń fẹ́ ó kéré tán mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹnì kan, ìbò kan, ì báà ṣe héktà kan lo ní tàbí ogún. Ẹgbẹ́ abúlé lè para pọ̀ di ti kọ́múùnù, kí ti kọ́múùnù gòkè títí dé àpapọ̀, níbi tí àwọn àgbẹ̀ kajú ti ní FENAPAB. Ohun tó wú mi lórí jù nínú òfin náà ni pé ó tún fàyè gba ọ̀nà kejì: kí àwọn ẹgbẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n so pọ̀ nítorí ohun èlò kan tí wọ́n jọ ń lò tàbí iṣẹ́ kan tí wọ́n jọ ń lépa, láìsí pé ẹnikẹ́ni gorí ẹnikẹ́ni. Sítọ́ọ̀ kan fún abúlé mẹ́ta. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tí Manigri àti Bassila jọ háyà. Mo rò pé ọ̀nà yìí yẹ ilẹ̀ elédè púpọ̀ bíi Bassila ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé kò béèrè pé kí Anii jẹ́ ọ̀gá Nàgó tàbí kí Nàgó jẹ́ ọ̀gá Anii.

Lórí ìwé, àṣẹ nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ń ti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹni tó bá mọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa mọ bí ó ṣe ń yí orí kodò. Ààrẹ ló ní òǹtẹ̀ lọ́wọ́, nọ́ńbà oníbàárà wà nínú fóònù rẹ̀ nìkan, bí ó bá lọ síbi ìsìnkú, ẹgbẹ́ kò lè ta àpò kan. Àwọn àgbẹ̀ tó ń pe ara wọn ní alábàáṣe á máa jókòó níwájú ilé rẹ̀ títí yóò fi dé.

Ètò tó sún mọ́ àjùmọ̀ṣe jù lọ tí mo rí ní Bassila wà nínú ìlera. Láti àárín ọdún 1990 sí 1999 ni Benin ti tún ìpìlẹ̀ ètò ìlera rẹ̀ ṣe, wọ́n pín orílẹ̀-èdè sí àgbègbè ìlera 34. Donga gba méjì: Djougou, Copargo àti Ouaké jẹ́ ọ̀kan, Bassila nìkan jẹ́ èkejì. Àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké inú arọ́ndísímà àti ilé ìwòsàn àgbègbè kì í ṣe ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ lásán. Aláìsàn kan náà ni wọ́n jọ ń tọ́jú. Bí aboyún kan bá ń rọbí ní Manigri tí ọmọ kò sọ̀, agbẹ̀bí kì í kọ lẹ́tà S/C. Òun fúnra rẹ̀ ló máa pinnu pé ó di Bassila, á kọ ìwé tó ń bá aláìsàn lọ, ẹni tó gbà á níbẹ̀ á ṣe iṣẹ́ rẹ̀, á sì kọ èsì padà kí agbẹ̀bí lè mọ bí ó ṣe máa tọ́jú ìyá náà nígbà tó bá délé. Agbẹ̀bí kò ní agbára lórí dókítà, bẹ́ẹ̀ ìpinnu rẹ̀ ló gbé dókítà dìde lóru. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pé àmì báyìí, ìgbésẹ̀ báyìí. Wọ́n sì fi dókítà kan ṣe alákòóso àgbègbè, tó ń parí ìjà bí ọ̀rọ̀ bá dé orí owó tàbí ọkọ̀.

Àwọn ará òde náà ti gbìyànjú. Ní Netherlands, Jos de Blok dá Buurtzorg sílẹ̀ ní 2006 fún ìtọ́jú aláìsàn nílé. Ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan kì í ju méjìlá lọ, wọn kò ní ọ̀gá, àwọn ni wọ́n ń gba ara wọn síṣẹ́ tí wọ́n sì ń pín iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n tó bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, bí àádọ́ta ènìyàn péré ló wà ní olú ọ́fíìsì. Ní Ṣáínà, Zhang Ruimin ti Haier, tó ń ṣe fìríìjì, bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ ní 2005: ó mú ọ̀gá àárín tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kúrò, ó pín ilé-iṣẹ́ náà sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé-iṣẹ́ kékeré tó ń ra iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ètò yìí jọ mí lójú gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá yẹn kì bá tí sọ ọ́ báyìí.

Èyí tó bá Manigri mu jù ni Morning Star ní California, tí Chris Rufer dá sílẹ̀ ní 1970. Tòmátì ni wọ́n ń ṣe, irè tó ní àsìkò bíi kajú. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀. Lọ́dọọdún, òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á kọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn tí iṣẹ́ rẹ̀ kàn: ohun tó máa ṣe fún wọn, bí wọ́n ṣe máa mọ̀ pé ó ṣe é. Bí ìjà bá dé, àwọn méjì á kọ́kọ́ sọ ọ́ láàárín ara wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á pe ẹnì kẹta, lẹ́yìn náà ìgbìmọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́. Bí kò bá yanjú síbẹ̀, Rufer á dá a.

Àgbẹ̀ Yorùbá kò ní fi èyí ṣe àjèjì. Aáró nìyẹn. Nínú aáró kò sí ọ̀gá, àmọ́ ìṣirò wà níbẹ̀ tó le ju ti báńkì lọ: ọjọ́ tí mo fi roko rẹ, gbèsè ni lọ́rùn rẹ, ẹni tí kò bá wá sí oko ẹlòmíràn, kí ó má retí ẹnikẹ́ni ní tirẹ̀. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀; ẹnì kan ló ń bẹ ọ̀wẹ̀, ó ń se oúnjẹ, ìgbà kan náà ló parí. Ilé-iṣẹ́ tó bá sọ pé òun ń ṣe àjùmọ̀ṣe tí kò ní ìṣirò aáró, ọ̀wẹ̀ ló ń bẹ̀ lójoojúmọ́, yóò sì rẹ àwọn ènìyàn.

Ní ti àwọn tó ṣubú: Zappos, tó ń ta bàtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbé ètò aláìlọ́gàá wọlé ní 2013. Ní 2015, Tony Hsieh, ọ̀gá àgbà ibẹ̀, ní kí ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ gba owó kó máa lọ. Bí méjìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ló lọ. Wọ́n ní ìpàdé àti òfin ìpàdé ti pọ̀ jù. Jo Freeman, ajìjàgbara obìnrin ní Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé ewu mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970: nínú ẹgbẹ́ tó sọ pé òun kò ní olórí, olórí wà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò yàn án, ẹnikẹ́ni kò sì lè yọ ọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ tó jọ ń mu ọtí ló ń ṣe ìpinnu. Ní Manigri, ó lè jẹ́ àwọn tó jọ jẹ́ ọmọ agbo ilé kan.

Ìtàn Ẹ̀gbá náà jẹ́rìí sí i. Ìlú púpọ̀ ló para pọ̀ sí Abẹ́òkúta ní 1830, kálukú pẹ̀lú Ológbòóni àti Balógun tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò jọba lórí ẹnikẹ́ni. Ìṣọ̀kan yẹn dúró nígbà tí aṣáájú wọn, Ṣódẹkẹ́, wà láyé, tí gbogbo wọn ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ó kú ní 1845. Ọdún mẹ́sàn-án kọjá kí wọ́n tó fi Òkúkẹ́nù jẹ Aláké ní 1854, ìjà ipò àti ti agbára kò sì tán síbẹ̀. Wọ́n mọ bí a ti ń jọ jagun. Ẹni tó ń dájọ́ láàárín wọn ni kò sí.

Ìjọba Benin pàápàá ti gba ọ̀nà tó yàtọ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 20 Oṣù Kejìlá 2021 mú ìṣàkóso ojoojúmọ́ kúrò lọ́wọ́ mẹ́rì ní gbogbo kọ́múùnù, ó gbé e fún akọ̀wé àgbà tó kọ́ṣẹ́, tó ń darí àwọn ẹ̀ka tó sì ń fọwọ́ sí ìnáwó. Àwọn kan ní ìjọba fẹ́ dín agbára àwọn tí ìlú dìbò fún kù, ẹ̀sùn náà kò sì ṣàìnídìí. Síbẹ̀ mo gbà pé lórí owó ìlú, ó dára kí orúkọ ẹnì kan wà nílẹ̀ tí a ó pè lẹ́jọ́. Àṣìṣe tí mo rí ni pé òfin náà tún ìlà òkè-sí-ìsàlẹ̀ ṣe, kò fọwọ́ kan ìlà ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀ka àgbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ igbó àti ẹ̀ka ilẹ̀ kò tíì ní ohun tó sọ ọ́ di dandan fún wọn láti jókòó pọ̀ lórí oko ọkùnrin Manigri yẹn.

Ní ti ìlà ẹ̀gbẹ́ yẹn, Mondragon ní Sípéènì fi ohun kan hàn tí ètò ọ̀gá-lórí-ọ̀gá kò lè ṣe. Láti 1956 ni àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibẹ̀ ti ń so mọ́ ara wọn. Nígbà tí Fagor, ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, wọ gbèsè tó sì kógbá sílé ní 2013, àwọn ẹgbẹ́ yòókù kọ̀ láti da owó sí i mọ́, àmọ́ wọ́n gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ síṣẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn. Ilé-iṣẹ́ kú, iṣẹ́ àwọn ènìyàn kò bá a kú.

Ẹ̀yin alága àti akápò ẹgbẹ́ kajú ní Manigri àti Bassila, kí kóró tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í já, ẹ pe àwọn tó ń rà, tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀, tó ń wakọ̀ àti tó ń la kóró sí ìjókòó kan. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ìwé kan, ní Nàgó, ní Anii àti ní Faransé: ta ni ẹni tó rí kóró tó bu gbọ́dọ̀ pè kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ta ló lè dá ọkọ̀ dúró láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ta ni yóò dájọ́ bí ẹ kò bá gbọ́ ara yín yé. Ẹ fi ìfọwọ́sí owó sí ọwọ́ ẹni méjì. Ẹ lẹ ìwé náà mọ́ ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀, kí ẹ sì da nọ́ńbà àwọn oníbàárà kọ sí abẹ́ rẹ̀.